Ilé àwẹ̀ kan lójú ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́: ohun tó wà níbẹ̀ àti ohun tí kò sí

Tó bá jẹ́ wòlíì tí yóò wo ojú yín lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí yóò sì dárúkọ iṣẹ́ àṣelà yín fún yín lẹ ń wá, ẹ má wulẹ̀ ná owó mọ́tò débẹ̀. Wọn kì í ríran fún èèyàn lẹ́nu ọ̀nà. Wọn kì í ta àbẹ́là aláwọ̀ méje, wọn kì í sì í ní kí ẹ mú àdàbà funfun wá. Ẹ ó san owó yàrá, wọn ó fún yín ní kọ́kọ́rọ́ àti bọ́kẹ́ẹ̀tì, wọn ó júwe kànga fún yín, ó parí. Ọ̀pọ̀ ẹni tí mo bá níbẹ̀ ló ń fi èyí ṣàròyé. Èmi o, òun gan-an ni mo fi ń yìn wọ́n.

Mi ò ní dárúkọ ilé náà. Yàrá wọn ò pọ̀, ìyá tó ń bójú tó o sì ti bẹ̀ mí pé kí n má pe èrò lé àwọn lórí. Yàtọ̀ sí ìyẹn, mo ní ẹ̀sùn tí mo fẹ́ kà sí wọn lẹ́sẹ̀, kò sì wù mí kí n fi orúkọ wọn ṣeré káàkiri. Àmọ́ mo lè júwe agbègbè náà. Láti Ìwó Road n'Íbàdàn, mọ́tò Àkúrẹ́ lẹ ó wọ̀. Ẹ ó kọjá Ifẹ̀, ẹ ó kọjá Iléṣà. Tí ẹ bá ti rí oríta Ẹ̀rìnmọ̀, níbi tí àwọn tó ń lọ wo omi Olúmirin ti máa ń yà, ẹ má sùn mọ́. Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà ló kàn, lẹ́yìn náà Ìkejì-Arákejì. Irú ilé bẹ́ẹ̀ wà káàkiri ibẹ̀, àwọn kan wà nínú oko kòkó. Ẹ tètè sọ fún dírẹ́bà, torí bó bá ti tẹná báyìí, Ìgbárá-Òkè lẹ ó ti bá ara yín.

Kí ló gbé mi débẹ̀? Ilé ìfowópamọ́ kékeré kan ni mo ti ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, kó tó kógbá sílé. Iṣẹ́ télọ̀ tí mo kọ́ lọ́wọ́ ìyá mi ni mo yà sí, mo ní kí n fi gbọ́ bùkátà títí iṣẹ́ gidi á fi dé. Iṣẹ́ gidi ò dé. Mo ti lé lógójì ọdún, téèpù ṣì wà lọ́rùn mi. Nínú ìjọ wa, kò sí ìṣọ́ òru tí wọn ò ní ní ká gbàdúrà pé kí ògo wa má di ògo àdánù, kí ìràwọ̀ wa yọ. Mo gba àdúrà yẹn títí ó fi di pé bí mo bá jókòó sídìí máṣíìnì, ńṣe ló ń ṣe mí bí ẹni tó jókòó sí àga onílé, tí onílé sì ti ń bọ̀ lọ́nà.

Kí n tó lọ sí ilé àwẹ̀ yìí, mo kọ́kọ́ san ₦25,000 fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan n'Íbàdàn, nínú gbọ̀ngàn òtẹ́ẹ̀lì. Wọ́n ní àwọn ó ràn wá lọ́wọ́ láti ṣàwárí ìdí tí Ọlọ́run fi dá wa. Ẹ̀rọ amúlétutù ń ṣiṣẹ́ dáadáa, mi ò ní parọ́ mọ́ wọn. Wọ́n fún wa ní àpò, bírò, àti ìwé ìbéèrè gígùn kan: kí ni inú rẹ máa ń dùn láti ṣe, kí ni àwọn èèyàn máa ń yìn ọ́ fún, tí owó kì í bá ṣe ìṣòro kí lò bá máa ṣe. (Ta ni owó kì í ṣe ìṣòro fún níbẹ̀? Ìbejì ni obìnrin tó jókòó tì mí fi sílẹ̀ sílé láìsan owó ilé ìwé wọn kó lè wá.) Nígbà tí wọ́n ka àbájáde ìdáhùn wa, «Olùdarí» ni wọ́n ní Ọlọ́run dá mi láti jẹ́. Inú mi dùn títí mo fi yọjú wo ìwé ìyá ìbejì: Olùdarí. Bọ̀dá tó wà lódìkejì: Olùdarí. Gbogbo tábìlì wa pátá, kò sí ẹni tí wọ́n ní kó jẹ́ ẹni tí wọn ó darí. Ráìsì tí wọ́n gbé wá lọ́sàn-án ti tutù.

Ẹsẹ Bíbélì kan ṣoṣo ló wà lára pátákó tí wọ́n gbé kọ́ síwájú, Jeremáyà orí 29, ẹsẹ 11, èyí tó sọ̀rọ̀ èrò àlàáfíà tí Ọlọ́run ń rò sí wa. Ẹsẹ náà dùn, èmi náà ti kọ ọ́ sí ẹ̀yìn ìwé ìwọ̀n aṣọ mi rí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ka orí náà látòkè á rí i pé lẹ́tà ni, àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Bábílónì sì ni Jeremáyà kọ ọ́ sí. Ní ẹsẹ 5, ó ní kí wọ́n kọ́lé síbẹ̀, kí wọ́n dá oko, kí wọ́n jẹ èso rẹ̀. Ní ẹsẹ 10, ó ní àádọ́rin ọdún ló máa gbà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó gba lẹ́tà yẹn, ibẹ̀ ni wọ́n kú sí. Kò sẹ́ni tó ka ẹsẹ 5 àti 10 fún wa ní òtẹ́ẹ̀lì. Ilé àwẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ, lẹ́nu olùdarí àdúrà òwúrọ̀ kan tó ń húkọ́, tí kò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wa.

Kí n padà sórí ọ̀nà yẹn, torí ó nídìí tí ilé àdúrà fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lágbègbè náà. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1928, Joseph Ayọ̀ Babalọlá ń wa ẹ̀rọ ńlá (steamroller) tí wọ́n fi ń tẹ ọ̀nà láàárín Iléṣà sí Àkúrẹ́, iṣẹ́ ìjọba òyìnbó, ẹ̀ka tí àwọn àgbà ń pè ní P.W.D. (Public Works Department). Ọmọ Odò-Ọwá ni, ní ìpínlẹ̀ Kwara òde òní. Ọdún 1904 ni wọ́n bí i, iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ ló sì kọ́ kó tó bọ́ sídìí ẹ̀rọ. Ohun tí ìjọ CAC (Christ Apostolic Church), tó wá di aṣáájú rẹ̀, ń sọ ni pé ẹ̀rọ náà ṣàdédé dúró, wọn ò rí ohun tó ṣe é, ohùn kan wá pè é lórúkọ lẹ́ẹ̀mẹta pé kó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ kó lọ wàásù. Ìkejì-Arákejì tí wọ́n gbà pé ó ti ṣẹlẹ̀ ni ibùdó ńlá ìjọ náà wà, ibẹ̀ náà sì ni yunifásítì tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní 2006.

Gbogbo wa tí wọ́n bí sínú CAC la mọ ìtàn yìí látorí ẹní. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé àwọn tó ń fi ìpè tajà máa ń dá a dúró síbi tí ohùn ti sọ̀rọ̀. Wọn kì í débi tó ti padà sí ìlú rẹ̀, tó fi eérú para, tó ń pariwo kí aráyé ronú pìwà dà, tí àwọn èèyàn fi gbà pé orí rẹ̀ ti dàrú. Ìsọjí Òkè-Oòyè ní Iléṣà, èyí tó gbé orúkọ rẹ̀ ká ilẹ̀ Yorùbá, oṣù keje ọdún 1930 ló bẹ́ sílẹ̀. Ẹ ka iye oṣù tó wà láàárín. Nígbà tó di 1932, ó ti wà lẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà ní Bìní. Mi ò tíì rí pátákó ìpolówó kan tó kọ ẹ̀wọ̀n mọ́ èrè ẹni tó mọ ìdí tí Ọlọ́run fi dá a.

Ó yá, ilé náà fúnra rẹ̀. ₦3,000 ni yàrá lóru kan nígbà tí mo lọ, fún ẹnì kan. Bẹ́ẹ̀dì onípákó, fóòmù tó ti pẹ́ lórí rẹ̀, fèrèsé kan, ìṣó méjì lára ògiri fún aṣọ. Ẹ mú ṣíìtì àti aṣọ ìbora tiyín dání. Àwọ̀n ẹ̀fọn wà ṣùgbọ́n ó ti lu, àwọn ẹ̀fọn ibẹ̀ sì mọ ojú ihò náà. Omi kànga wọn mọ́, ó tutù, wọ́n sì ń fi ìdérí bò ó. Iná ìjọba máa ń wá nígbà tó bá wù ú. Jẹnẹrétọ̀ kì í tan kọjá aago mẹ́wàá alẹ́ àyàfi tí ìṣọ́ òru bá wà.

Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni kí ẹ gbọ́ dáadáa. Ẹyọ kan ni fún gbogbo obìnrin tó wà ní ìlà yàrá tiwa, ilẹ̀kùn rẹ̀ ò sì ní ìkọ́. Ohun tí à ń ṣe ni pé ẹni tó bá wà nínú rẹ̀ á máa kọrin sókè kí ẹlòmíràn má bàa já wọlé. Orin ìyìn ni o. Tí ẹ bá gbọ́ tí ohùn ń gbọ̀n lórí orin nídàájí, ẹ má rò pé Ẹ̀mí ló bà lé onítọ̀hún. Mo sọ fún ìyá tó ń bójú tó ilé pé ìkọ́ ilẹ̀kùn ò ju nǹkan táṣẹ́rẹ́ lọ ní ọjà Ìpetu. Ó ní àwọn ti ń gbàdúrà sí i. Mo ní, «Mà, kò gba àdúrà, káfíńtà ló gbà.» Ó rẹ́rìn-ín, ó gbá mi léjìká, ìkọ́ ò sì dé títí mo fi lọ.

Ẹ̀sùn kejì: gbohùngbohùn. Ṣọ́ọ̀ṣì wọn kò ju bí yàrá ìgbàlejò méjì lọ, a sì ń gbọ́ oníwàásù ketekete láìsí ẹ̀rọ. Síbẹ̀ wọ́n kọ ojú gbohùngbohùn sí yàrá wa, láago mẹ́ta òru. Ẹni tó wá sinmi ọkàn, tó fẹ́ bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, kò ní rí àyè títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ẹ̀kẹta, ìsọ̀ kékeré tó wà lẹ́nu géètì ń ta òróró ólífì ní ìlọ́po méjì iye tí wọ́n ń tà á ní Dùgbẹ̀. Omi ìyè ní tirẹ̀, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì dání, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbàdúrà sí i fún yín, kí ẹ fi òróró wọn sílẹ̀.

Ibi tí wọ́n ti gba máàkì lọ́wọ́ mi ni ọ̀rọ̀ àwẹ̀. Kí wọ́n tó kọ orúkọ yín sílẹ̀, wọn ó bi yín bóyá ẹ ní ọgbẹ́ inú, ẹ̀jẹ̀ ríru, tàbí ìtọ̀ ṣúgà, àti bóyá ẹ ń lo oògùn. Ẹni tó bá ní èyíkéyìí, wọn ò ní gbà kó gba àwẹ̀ gbígbẹ. Wọn ó ní kó mu ẹ̀kọ lọ́sàn-án kó sì lo oògùn rẹ̀. Ẹni tó bá mọ ìtàn CAC mọ̀ pé nǹkan kékeré kọ́ nìyẹn, torí láyé àwọn baba wa, ọ̀pọ̀ nínú ìjọ náà kì í fẹ́ gbọ́ orúkọ oògùn sétí. Wọ́n dá arábìnrin kan padà lójú mi pé kó lọ rí dókítà ná, kó tó wá. Ó sunkún. Wọ́n sìn ín dé títì, wọ́n bá a dá ọ̀kadà dúró.

Tí ẹ bá fẹ́ ṣínu, ìyá kan wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì tó ń ta ẹ̀kọ gbígbóná àti mọ́ínmọ́ín tí wọ́n fi ewé eéran pọ́n, tí ẹja pàńlá wà nínú rẹ̀ lódindi. Mi ò fẹ́ sọ̀rọ̀ púpọ̀ lórí oúnjẹ nílé àwẹ̀, àmọ́ ẹ jẹ méjì.

Lọ́sàn-án, lábẹ́ àtíbàbà páànù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, bàbá àgbà kan máa ń jókòó. Ẹni tó bá fẹ́ ọ̀rọ̀ ìmọ̀ràn ń lọ bá wọn. Wọ́n ti fìgbà kan wa tipa, wọ́n ti di olùṣọ́-àgùntàn, wọ́n sì ti fẹ̀yìn tì. Wọ́n gbé Bíbélì olójú fífẹ̀ lé orúnkún, wọ́n sì ń fi tọ́ọ̀ṣì kékeré kà á lọ́sàn-án gangan torí ojú wọn ti ń ṣú. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo ro ẹjọ́ mi: pé mo fẹ́ mọ ohun tí Ọlọ́run fẹ́ kí n fi ayé mi ṣe, kí n tó dàgbà kọjá àtiṣe é.

Wọn ò pa ojú dé. Wọn ò mi orí. Wọ́n ní, «Iṣẹ́ wo lò ń ṣe, ìyàwó?»

Mo ní iṣẹ́ télọ̀ ni, mà á ti ṣe ìyẹn lọ́wọ́ ná.

«Lọ́wọ́ ná, láti ìgbà wo?»

Mo sọ iye ọdún. Wọ́n hùn. Wọ́n wá ṣí Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 9, wọ́n ní kí n ka ẹsẹ 36 sí 39. Ẹ mọ ibẹ̀: Tàbítà ti Jópà, tí wọ́n tún ń pè ní Dọ́káàsì, tó kú, tí wọ́n ránṣẹ́ pe Pétérù. Mo ti gbọ́ ìwàásù lórí rẹ̀ kọjá kíkà, orí àjíǹde ni gbogbo rẹ̀ sì máa ń parí sí. Bàbá ní kí n má tíì dé àjíǹde. Wọ́n ní kí n wo àwọn opó tó dúró yí Pétérù ká tí wọ́n ń sunkún. «Kí ló wà lọ́wọ́ wọn?» Ẹ̀wù àti aṣọ tí Dọ́káàsì rán fún wọn nígbà tó wà láàyè. «Ṣé o rí i níbì kan tí wọ́n ti ní áńgẹ́lì kan sọ fún un pé iṣẹ́ abẹ́rẹ́ ni ìpè rẹ̀?» Mo wá a. Mi ò rí i. «Bí wọ́n bá pè wá sílé rẹ lọ́la, aṣọ ta ni wọ́n máa gbé sókè?»

Mi ò fẹ́ kó rọrùn bẹ́ẹ̀. Mo ní, «Bàbá, Dọ́káàsì kì í san owó ṣọ́ọ̀bù. Èmi ń san án. Tí mo bá ń rán aṣọ opó lọ́fẹ̀ẹ́, lánlọ́ọ̀dù ò ní gba ẹ̀wù lọ́wọ́ mi.» Bàbá rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú wọn. Wọ́n ní òótọ́ ni, Bíbélì ò sọ bó ṣe ń rí owó òwú rà, kí n lọ máa ronú sí i, torí àwọn náà ò mọ̀ ọ́n. Wọ́n gbàdúrà ránpẹ́ fún mi, wọ́n ní kí n bá àwọn pe ẹni tó kàn. Mo nawọ́ owó sí wọn, wọ́n ní kí n fi sínú àpótí ṣọ́ọ̀ṣì tí mo bá ń lọ, tí n kò bá sì fi síbẹ̀, kò sí ẹni tí yóò bi mí.

Ìdáhùn yẹn ò tẹ́ mi lọ́rùn tán. Lójú tèmi, àwọn èèyàn ìjọ wa ti máa ń tètè sọ fún obìnrin pé ibi tó wà gan-an ni Ọlọ́run fẹ́ kó wà. Babalọlá ì bá ti kú sídìí ẹ̀rọ ọ̀nà yẹn tó bá jẹ́ pé gbogbo èèyàn ni wọ́n ń sọ ìyẹn fún. Ìpè tó ń gbé èèyàn kúrò lẹ́nu iṣẹ́ wà, Èlíṣà fi àjàgà màlúù méjìlá sílẹ̀ nínú oko, Mátíù fi tábìlì owó orí sílẹ̀. Bàbá ò sì sẹ́ ẹ. Ohun tí wọ́n ṣe fún mi ni pé wọ́n bi mí ní ìbéèrè tí ìwé òtẹ́ẹ̀lì yẹn kò bi mí. Gbogbo ìbéèrè tibẹ̀ orí ohun tí mo fẹ́, tí mo lè ṣe, tí inú mi dùn sí, ló dá lé. Kò sí ẹyọ kan tó bèèrè ẹni tí aṣọ mi wà lọ́rùn rẹ̀. Nígbà tí mo délé tí ọkọ mi bi mí pé kí ni Ọlọ́run wí, mo ní Ó ní kí n máa rán aṣọ lọ ná. Ó ní, «Ṣé nítorí ìyẹn lo ṣe lọ jìnnà tó bẹ́ẹ̀?»

Ta ni mo lè ní kó lọ? Ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tí ariwo ilé ò jẹ́ kó ronú. Ẹni tó fẹ̀yìn tì tí kò mọ ohun tí òwúrọ̀ wà fún mọ́. Mo rí irú wọn méjì níbẹ̀, tíṣà ni wọ́n, wọ́n sì ń gbá àyíká ṣọ́ọ̀ṣì láràárọ̀ láìsí ẹni tó rán wọn. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sin ìlú tán, mi ò rò pé ibẹ̀ ló yẹ ẹ́. Netiwọ́ọ̀kì ò dára, kò sì sí ojúgbà tí yóò bá sọ̀rọ̀, yóò kàn sùn ni. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ wúwo débi pé kò fẹ́ wà láàyè mọ́, ẹ má ṣe fi òun nìkan ránṣẹ́ síbẹ̀ rárá: kò sí ẹni tó kọ́ṣẹ́ ìtọ́jú irú ẹ̀ níbẹ̀, òru ibẹ̀ sì gùn. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ mú un lọ, kí ẹ sì dúró tì í.

Ẹ lọ láàárín ọ̀sẹ̀. Lọ́jọ́ Jímọ̀ sí Àìkú, bọ́ọ̀sì àwọn ìjọ láti Èkó máa ń dé, wọ́n á sì gba àtíbàbà bàbá ṣe ibi ìdáná. Owó ṣẹ́ńjì ni kí ẹ mú dání, torí tiransifá tí mo ṣe níbẹ̀ kò wọlé títí di ọjọ́ kejì. Ẹ mú tọ́ọ̀ṣì, àwọ̀n ẹ̀fọn, àti okùn gígùn kan tí ẹ ó fi so ilẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ látinú.

Mẹ́ta ààbọ̀ nínú márùn-ún ni mo fún wọn. Gbohùngbohùn gba ìdajì, ìyókù, wọ́n mọ ohun tó jẹ ẹ́. Tí wọ́n bá kan ìkọ́ sí ilẹ̀kùn yẹn, kí wọ́n ránṣẹ́ sí mi, mà á tún un kọ.